Kí ni ilé ìtọ́jú yín ń ṣe tí ẹ kò kà sí iṣẹ́?

Ìbéèrè òǹkàwé kan: "Ilé ìtọ́jú ọpọlọ kékeré ni tiwa. A ní dókítà ọpọlọ kan, olùgbaninímọ̀ràn mẹ́ta, nọ́ọ̀sì méjì àti akọ̀wé ẹnu ọ̀nà kan. Nǹkan bí 80 aláìsàn la ń rí lọ́sẹ̀. A fẹ́ kúrò nídìí ìpàdé ojúkojú, ká máa fi fóònù àti fídíò tọ́jú wọn. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Ta ni kò yẹ ká gbé lọ? Kí ló sábà máa ń bàjẹ́? Ní paríparí rẹ̀, ṣé a lè dá ilé padà fún onílé?"

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó kó ẹrù. Àwọn mìíràn ti kó tán kí ìbéèrè tó dé.

Áàpù tí ẹ ó lò ló kéré jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Ọ̀rọ̀ sísọ fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti gbé kọjá. Fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àníyàn àpọ̀jù àti ìpayà tó máa ń ṣẹ́kù síni lára lẹ́yìn ìjàǹbá, àwọn ìwádìí tó fi ìtọ́jú orí fídíò wé ti ojúkojú fi hàn pé àbájáde méjèèjì kò jìnnà síra. Kì í sì í ṣe nǹkan àná. Ní 1959, Cecil Wittson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nebraska, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti ń lo tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé àwòrán lọ tó ń gbé e bọ̀ láti tọ́jú àwọn aláìsàn ní ẹgbẹẹgbẹ́. Nígbà tó di 1964, wọ́n ti nà án dé ilé ìwòsàn ọpọlọ kan ní ìlú Norfolk, tó jìnnà sí wọn tó nǹkan bíi kìlómítà 180. Nígbà tí àrùn kòrónà sì dé, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí ní orílẹ̀-èdè 130 lọ́dún 2020. Ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní ìtọ́jú ọpọlọ dàrú mọ́ àwọn lọ́wọ́, nǹkan bí ìdá 70 ló sì sá gba orí fóònù àti fídíò.

Iṣẹ́ tí ilé fúnra rẹ̀ ń ṣe ló ṣòro láti gbé. Ẹ wo ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dọ̀ yín. Aláìsàn wọlé, akọ̀wé ẹnu ọ̀nà rí i pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí aṣọ kan náà ti wà lára rẹ̀, tàbí pé ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀. Nọ́ọ̀sì gbé e sórí ìwọ̀n. Ilẹ̀kùn tì, ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ wà níta. Olùtọ́jú kò nílò láti béèrè ibi tí aláìsàn wà, iwájú rẹ̀ ló jókòó sí. Bí ọ̀rọ̀ bá le, dókítà wà ní yàrá kejì. Bó bá ń padà lọ sílé, ìrìn yẹn á jẹ́ kí omijé gbẹ kó tó kojú àwọn ọmọ. Kò sí èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú gbogbo ìwọ̀nyí, gbogbo wọn ló sì máa dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tí ẹ bá jáde.

Torí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ẹ̀yin méjèèje jókòó fún ọ̀sán kan. Kí akọ̀wé ẹnu ọ̀nà ló máa sọ̀rọ̀ jù, torí òun ló ń rí ohun tí ẹ̀yin tó kù kì í rí. Ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ tí ilé ń ṣe sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹnì kan síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí ẹ kò bá rí orúkọ kọ síwájú rẹ̀, ẹ má gbé aláìsàn tó nílò rẹ̀ kúrò níbi tó wà.

Ta ló lè lọ, ta ló yẹ kó dúró

Ẹ má fi orúkọ àìsàn pín wọn. Ẹ mú ìwé orúkọ, kí ẹ wo àwọn ọgọ́rin náà níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ẹ ti mọ̀ fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oògùn rẹ̀ kò yí padà láìpẹ́, tó ní yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, tó sì ti fún yín ní nọ́ńbà ẹnì kan tí ẹ lè pè, lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ tàbí tó ń lo oògùn tó ń fẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yóò máa ṣe díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. A ó padà sọ́dọ̀ wọn.

Àwọn kan kò gbọdọ̀ lọ báyìí. Ẹni tí ẹ kò tíì fojú rí rí, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ẹni tí kò sùn fún òru mẹ́ta tí ara rẹ̀ ṣì ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Ẹni tó gbìyànjú láti gbẹ̀mí ara rẹ̀ láìpẹ́, tó ń dá gbé, tí kò sì fẹ́ kí ẹ mọ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rẹ̀. Ẹni tó ń febi pa ara rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù sísanra náà kò gbọdọ̀ lọ: ẹ nílò ìwọ̀n rẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tó dùbúlẹ̀ àti nígbà tó dìde, àti iye potassium inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Fídíò kò lè fún yín ní ìkankan, ojú àti èjìká nìkan ló ń gbé wá, aṣọ tó nípọn sì lè bo ìyókù. Bákan náà ni ẹni tó ń mutí lójoojúmọ́ tó fẹ́ jáwọ́ lójijì. Gìrì lè gbé e láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ìrújú tó lè pani sì sábà máa ń tẹ̀lé e láàárín wákàtí 48 sí 96. Ibùsùn ilé ìwòsàn ló yẹ kí ìyẹn ti ṣẹlẹ̀.

Ẹni tí wọ́n ń lù nílé ń kọ́? Yàrá yín lè jẹ́ ibi kan ṣoṣo tó ti lè sọ òtítọ́. Bí ẹ bá gbé e lọ sórí fóònù, ẹ ti dá a padà sí ilé ẹni tó ń lù ú. Ní ti ẹni tó dá a lójú pé fóònù ń ṣọ́ òun, ẹ wo bí yóò ṣe rí létí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ní kó tan kámẹ́rà.

Síbẹ̀, àwọn kan wà tí fídíò sàn fún ju ọ́fíìsì lọ. Ẹni tó ń fọ ọwọ́ ní ìgbà ogójì lóòjọ́, nílé ni omi àti ọṣẹ tó ń bá a jà wà. Ẹni tó ń padà wo ilẹ̀kùn nígbà mẹ́wàá kó tó lè jáde, ilẹ̀kùn yẹn gan-an ni ẹ ó jọ dúró sí. Ẹ ó rí ohun tó ń ṣe, dípò kí ó máa ròyìn rẹ̀ fún yín. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ẹni tó ń bẹ̀rù àtijáde o: inú rẹ̀ yóò dùn sí fídíò púpọ̀, ayọ̀ yẹn gan-an sì ni ìṣòro, torí fídíò ti di ibi ìsápamọ́ tuntun fún un. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kí ìpàdé rẹ̀ máa wáyé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, lẹ́nu ilẹ̀kùn lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní ìkángun òpópónà, títí yóò fi débi tí yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sọ́dọ̀ yín.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́

Ní ọ́fíìsì, aláìsàn jókòó, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Lórí fóònù tàbí fídíò, ìbéèrè mẹ́ta gbọ́dọ̀ ṣáájú, ní gbogbo ìgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ ìgbà ogún tí ẹ jọ ń pàdé nìyí.

Ibo lẹ wà báyìí? Kì í ṣe àdírẹ́sì inú fáìlì là ń bèèrè. Ó lè jẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì lè jẹ́ inú ọkọ̀ tó páàkì sí ẹ̀yìn ibi iṣẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà ilé, òpópónà àti ìlú sílẹ̀, pẹ̀lú ohun kan tí àjèjì lè fi dá ibẹ̀ mọ̀. Ìdí ni pé nọ́ńbà pàjáwìrì tí olùtọ́jú bá tẹ̀ sábà máa ń já sọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó àdúgbò olùtọ́jú. Bí aláìsàn bá wà ní ìlú mìíràn, àwọn yẹn ní láti máa wá ẹni tí wọ́n ó fi ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́, àsìkò sì ń lọ. Nítorí náà, kí nọ́ńbà tààrà ti áńbúláǹsì, ti ọlọ́pàá àti ti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ aláìsàn jùlọ wà nínú fáìlì rẹ̀ ṣáájú ìpàdé àkọ́kọ́. Kí ẹnì kan sì ti pè wọ́n wò. Nọ́ńbà tí kò lọ mọ́ pọ̀ nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú yàrá, ṣé ẹnì kan lè gbọ́ wa? Ẹ béèrè é lọ́nà tí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" fi lè tó ìdáhùn, torí ẹni tó ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà kò ní gbọ́ ìbéèrè yín bí aláìsàn bá fi earpiece sétí. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ jọ yan gbólóhùn kan tó jọ ọ̀rọ̀ lásán, bíi "ẹ bá mi sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Bó bá ti sọ ọ́, ẹnì kan ti wọlé nìyẹn. Kí olùtọ́jú yí ọ̀rọ̀ padà sí ti ọjọ́ ìpàdé, kó sì dágbére wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ yan gbólóhùn kejì tó yàtọ̀ pátápátá, tó túmọ̀ sí "ẹ rán ìrànlọ́wọ́." Ẹ má pa méjèèjì pọ̀ mọ́ ọ̀kan ṣoṣo.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ta ni yóò pe ta? Bí ẹ kò bá tíì sọ ọ́, ẹni méjèèjì á máa pe ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, méjèèjì á sì máa gbọ́ pé ìlà kò ṣófo. Òfin tó dára ni pé olùtọ́jú ló ń pè, láàárín ìṣẹ́jú méjì, lórí ìlà fóònù lásán, kì í ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Bí kò bá gbé e lẹ́ẹ̀mejì, tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì kọjá, ohun tó kàn yóò tẹ̀lé irú ẹni tí aláìsàn náà jẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó fún ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀. Fún ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín, ẹ pe ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tí aláìsàn fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀. Kí gbogbo èyí wà nínú ìwé àdéhùn olójú-ewé kan tí aláìsàn ti fọwọ́ sí, kó má baà jẹ́ ìyàlẹ́nu fún un lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ bá sọ pé ilé ìtọ́jú pe òun.

Bí ọ̀rọ̀ ikú bá wọ̀ ọ́

Fọ́ọ̀mù lásán ni ìjàǹbá máa ń bá wọlé jù níhìn-ín. Ẹ ó fẹ́ máa fi PHQ-9, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ránṣẹ́ kí aláìsàn kọ ọ́ nílé, ó sì dára: ìbéèrè mẹ́sàn-án ni, òǹkà rẹ̀ láti 0 dé 27, láti 10 sókè ni ìrẹ̀wẹ̀sì ti kúrò ní kékeré. Ìbéèrè kẹsàn-án ń bèèrè nípa èrò pé ikú sàn tàbí èrò láti ṣe ara ẹni léṣe. Ní ọ́fíìsì, ẹni tó bá sàmì síbẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kí ẹnì kan tó kà á. Nílé, ó lè sàmì síbẹ̀ láago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ sì kà á láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó rò pé òun ti sọ fún yín. Ẹ máa fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ nìkan, kí línkì rẹ̀ kú nígbà tí ọ́fíìsì bá pa. Kí orúkọ nọ́ọ̀sì kan wà tó ń ka ìdáhùn kẹsàn-án ní ọjọ́ náà gan-an. Kí ojú ewé àkọ́kọ́ sì sọ ní kedere pé ẹnikẹ́ni kì í ka fọ́ọ̀mù yìí lálẹ́, kó kọ nọ́ńbà tí ènìyàn lè pè bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kíákíá.

Bó bá jẹ́ ojú fídíò ni aláìsàn ti sọ pé òun fẹ́ kú, kí olùtọ́jú béèrè ní tààrà: ṣé ẹ ti ronú bí ẹ ó ṣe ṣe é, ṣé ohun tí ẹ ó lò wà nítòsí, ìgbà wo? Bíbèèrè kò fi èrò náà síni lọ́kàn. Ọ̀nà kejì láti fi ké sí ẹlẹgbẹ́ yín gbọ́dọ̀ ti ṣí sílẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, bóyá fèrèsé kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù kejì, torí olùtọ́jú kò lè pa ìlà yìí láti lọ pe áńbúláǹsì. Òun á máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa pè. Kí ìlà má ṣe kú títí ẹnì kan tó ní ẹsẹ̀ àti ọwọ́ yóò fi wọ yàrá aláìsàn, tí ẹ ó sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ fi ìdárayá dán èyí wò láàárín ara yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, kí ẹnì kan ṣe aláìsàn. Ìgbà àkọ́kọ́ kì í lọ dáadáa, ẹ ó rí i.

Gbogbo ẹni tí irú èrò yìí ti kàn rí gbọ́dọ̀ ní ètò ààbò tí ẹ jọ kọ: àmì tó máa ń ṣáájú, ohun tó lè dá ṣe láti tu ara rẹ̀ lára, ibi tó lè lọ àti àwọn tó lè bá ṣeré, ẹni tó lè finú hàn, àwọn oníṣẹ́ ìlera tó lè pè, àti bí wọn yóò ṣe gbé ohun tó lè pani jìnnà sí i. Lórí fídíò, ẹ lè jọ ṣe èyí tó kẹ́yìn lójú ẹsẹ̀, kí ẹnì kan nínú ilé gbé e kúrò nígbà tí ẹ ṣì wà lórí ìlà. Kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ètò náà sórí ìwé. Èyí tó bá wà lórí fóònù nìkan yóò kú pẹ̀lú bátìrì.

Ohùn ṣáájú àwòrán

Fídíò ẹni méjì tó mọ́ dáadáa nílò nǹkan bíi kilobit 600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní lílọ àti ní bíbọ̀. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ìpàdé ìṣẹ́jú 50 yóò jẹ nǹkan bíi megabyte 450 nínú dátà aláìsàn. Ohùn nìkan, ní kilobit 80, yóò jẹ nǹkan bí 60. Aláìsàn tí kò lówó dátà kò ní sọ fún yín pé òun kò lówó dátà. Yóò kàn máa pàdánù ìpàdé ni, ẹ ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ bi í léèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ìpè fóònù lásán kì í ṣe ìtọ́jú àbùkù.

Ìdádúró ohùn burú ju àwòrán tó fọ́ lọ. Bí ohùn bá ti ń pẹ́ ju ìdá 150 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kó tó dé, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í já lu ọ̀rọ̀ ara wọn. Nínú iṣẹ́ yìí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní ìtumọ̀. Olùtọ́jú á rò pé aláìsàn ń ronú, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Aláìsàn náà á rò pé ohun tí òun sọ ló le jù fún olùtọ́jú. Kí olùtọ́jú fi wáyà so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì dípò Wi-Fi, kó pa gbogbo áàpù tó kù, kí ẹni méjèèjì lo earpiece tó ní gbohùngbohùn kó má baà sí ìró tó ń padà bọ̀. Bí àwòrán bá ń fọ́, ẹ pa kámẹ́rà kí ohùn lè mọ́. Bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá gùn, kí olùtọ́jú sọ pé "mo wà níbí."

Kámẹ́rà ní ìwọ̀n ojú, ìmọ́lẹ̀ láti iwájú, kì í ṣe láti fèrèsé ẹ̀yìn. Kí aláìsàn sún sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi hàn. Kí olùtọ́jú fi àwòrán ara rẹ̀ pamọ́ kúrò lójú kọ̀ǹpútà: wíwo ojú ara ẹni láti àárọ̀ dalẹ́ máa ń tánni lókun. Ìpàdé orí fídíò ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ lóòjọ́ pọ̀ jù, kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ní ti ọmọdé, ìṣẹ́jú 25 sí 30 tó, pẹ̀lú ohun ìṣeré lọ́wọ́.

Ohun tí kámẹ́rà kò rí, àti ọ̀rọ̀ oògùn

Kámẹ́rà kì í gbóòórùn, kì í rí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì, kì í mọ̀ pé ènìyàn ti rù. Gbogbo ohun tí ojú àti imú yín máa ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ti di ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ fẹnu bèèrè: ìgbà wo lẹ wẹ̀ kẹ́yìn, kí lẹ jẹ lánàá, ìgò mélòó lẹ mu lọ́sẹ̀ yìí? Ẹ ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú kámẹ́rà kí ẹ wo bó ṣe ń gbọ̀n. Ẹ ní kó rìn lọ sí ògiri kó sì padà. Ẹ ní kó kó gbogbo páálí oògùn ilé wá, kó gbé wọn sókè níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn èyí ni ẹ ó rí i pé oògùn oṣù tó kọjá ṣì kún.

Ẹni tó ń lo lithium, oògùn tí kì í jẹ́ kí ọkàn ga jù tàbí kó wálẹ̀ jù, kò gbọdọ̀ gba ìwé oògùn tuntun láìsí èsì ẹ̀jẹ̀. Wákàtí 12 lẹ́yìn oògùn tó lò kẹ́yìn ni kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà, nítorí náà, ẹni tó bá ti lo ti àárọ̀ kó tó lọ yóò mú èsì tó ń tanni wá. Lẹ́yìn tí iye lithium inú ẹ̀jẹ̀ bá ti dúró, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni àyẹ̀wò nínú ọdún àkọ́kọ́, kí wọ́n sì máa wo kíndìnrín àti tairọ́ìdì lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti oògùn ìrora ibuprofen máa ń jẹ́ kí lithium pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ìbéèrè nípa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo ìpè.

Clozapine, oògùn fún àwọn tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ tí oògùn mìíràn kò ràn lọ́wọ́, le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀sẹ̀ 18 àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń yẹ sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí ọdún kan yóò fi pé, kó tó wá di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Ìlànà ibòmíràn lè yàtọ̀. Ohun tí ojú ń ti àwọn aláìsàn láti sọ lórí fídíò ni pé àwọn kò lè yàgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àìlèyàgbẹ́ tí clozapine ń fà ti pa ènìyàn rí. Ẹ béèrè rẹ̀ ní gbangba, ẹ béèrè iye ọjọ́. Ẹ béèrè sìgá pẹ̀lú: ẹni tó bá fi sìgá sílẹ̀ lójijì, oògùn náà á ga nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún lóṣooṣù kò lè gba orí wáyà kọjá, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Ẹni tí ikú ti wọ̀ lọ́kàn rí, ẹ má kọ oògùn oṣù mẹ́ta fún un lẹ́ẹ̀kan nítorí pé ọ̀nà jìn. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló tó, kí ẹlòmíràn bá a tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin kò gùn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òfin ibi tí aláìsàn jókòó sí ló ń sọ bóyá ìwé àṣẹ olùtọ́jú tó. Aláìsàn tó rìnrìn àjò lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn lè ti jáde kúrò nínú àṣẹ yín láìmọ̀, ìdí mìíràn nìyí tí ìbéèrè "ibo lẹ wà" fi ń ṣáájú. Àwọn oògùn tó ń di bárakú tún ní òfin tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan ti wà láti 2008 tó ní kí dókítà ti rí aláìsàn lójúkojú lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, kó tó kọ wọ́n fún un láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dẹ ẹ́ lásìkò kòrónà. Ẹ wo ti ibi tí ẹ wà kí dókítà yín tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Àṣírí

Ní Finland, ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ti jí àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn Vastaamo kọ̀wé sí àwọn aláìsàn fúnra wọn pé kí wọ́n sanwó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á tú ohun tí wọ́n sọ fún olùtọ́jú wọn síta. Àkọsílẹ̀ nǹkan bí 33,000 ènìyàn ni. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé lọ́dún tó tẹ̀lé e. Kì í ṣe fídíò ni wọ́n jí o, ohun tí àwọn olùtọ́jú kọ sílẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ kọ ìwọ̀nba tí ẹ nílò, ẹ má gba ohùn tàbí àwòrán ìpàdé sílẹ̀, kí gbogbo àkáǹtì òṣìṣẹ́ sì máa bèèrè kóòdù kejì yàtọ̀ sí pásíwọ́ọ̀dù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù kò nílò olè kankan. Olùtọ́jú ní línkì kan ṣoṣo tó ń fún gbogbo ènìyàn. Aláìsàn aago mẹ́wàá kọjá àkókò rẹ̀, ti aago mọ́kànlá tẹ línkì, ó bọ́ sáàárín omijé ẹlòmíràn. Ẹ fún ìpàdé kọ̀ọ̀kan ní línkì tirẹ̀, kí yàrá ìdúró wà tí olùtọ́jú fúnra rẹ̀ ń ṣí. Ìkejì ni àtẹ̀jíṣẹ́ ìránnilétí tó hàn lójú fóònù tó wà lórí tábìlì: "Ẹ má gbàgbé ìpàdé yín pẹ̀lú dókítà ọpọlọ." Kí ó kà pé "Ìpàdé yín, ọ̀la, aago 10," kó parí síbẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ má sì lo fóònù àti WhatsApp ara rẹ̀: àwòrán ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ aláìsàn á lọ jókòó sínú àkáǹtì tirẹ̀, aláìsàn á sì máa rí i pé ó jí láago méjì òru, á máa bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí kò dá òun lóhùn.

Bí ẹ ó ṣe gbé e, àti ọ̀rọ̀ ilé

Ẹ mú aláìsàn márùn-ún tí ara wọn balẹ̀, ẹ lo ọ̀sẹ̀ méjì. Kí akọ̀wé ẹnu ọ̀nà pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ kan ṣáájú fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láti dán ohùn, àwòrán àti línkì wò. Iṣẹ́ rẹ̀ yóò pọ̀ sí i ni, kò ní dín kù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ kò nílò rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ fi mẹ́wàá-mẹ́wàá kún un. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ka iye ìpàdé tí aláìsàn kò yọjú sí, iye tó já láàárín ọ̀nà, àti òǹkà PHQ-9 tó ń lọ sókè. Ní pàtàkì, ẹ ka àwọn tó wá lẹ́ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì lórí fídíò tí ẹ kò gbúròó wọn mọ́. Ẹ wo ọjọ́ orí wọn, ẹ wo bóyá fóònù àjọlò ni wọ́n ń lò. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ sì fún wọn ní àga lọ́dọ̀ yín padà.

Ní ti ilé: ẹ má tíì dá gbogbo rẹ̀ padà. Fún ó kéré tán oṣù mẹ́fà, ẹ di yàrá méjì mú. Ọ̀kan fún nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú ìwọ̀n, ẹ̀rọ ìfúnpá, fíríìjì àti àpótí abẹ́rẹ́. Èkejì ní àga méjì, ilẹ̀kùn tó ń tì dáadáa, àti kọ̀ǹpútà kan tó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fún aláìsàn tí kò níbi tó lè dá wà nílé rẹ̀: ọ̀dọ̀ yín ni yóò ti máa bá olùtọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí olùtọ́jú tilẹ̀ wà ní ìlú mìíràn. Kí dókítà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ kan náà nígbà gbogbo. Èyí tó bá kù, ẹ lè fún onílé ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.